Ojú Ewé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Ojú ewé náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé Sọ̀fíyù ti kú. Àkọlé rẹ̀ nìyí: "Eyínafẹ́ kànga ọ̀nà Sakassou jánásà."

Àwọn darandaran ló rí òkú Sọ̀fíyù, ọ̀kan nínú àwa Yorùbá ìlú Bouaké, nínú kànga gbígbẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà Sakassou. Bí àwọn panápaná ti ń fi okùn fà á jáde, ẹnì kan láàárín èrò rántí pé òun ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí níbì kan. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi han àwọn ọlọ́pàá. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ojú ewé náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n rí òkú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dókítà ti wo òkú, àwọn ènìyàn wa ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Àwọn ọlọ́pàá náà sì ti mú Malick, ọmọ Rachida, ẹni tó ni ìkànnì tí ojú ewé náà wà lórí rẹ̀.

Rachida wá bá mi nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

"Àlàájì, wọ́n ní tó bá dọ̀la àwọn á gbé Malick lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ n'Íbàdàn. Ẹ bá mi gba ọmọ mi."

"Mo ti fẹ̀yìn tì, Rachida."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín, ẹ kì í jáde mọ́. Ṣùgbọ́n ká ní Hàúwà wà láyé ni, ì bá ti lé yín síta báyìí."

Hàúwà ni ìyàwó mi. Òun ló mú mi wá sí Bouaké nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, nítorí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Commerce, àdúgbò ọjà ìlú náà. Ó kú nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo wọ bàtà mi.

*

N'Goran ni orúkọ ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ náà. Ọmọ Baoulé ni, ènìyàn tó sanra, tí kì í yára bínú. Ó ti máa ń ránṣẹ́ pè mí tẹ́lẹ̀ bí ìjà bá bẹ́ láàárín àwọn ènìyàn wa tí kò sì gbọ́ èdè wọn. Èdè Faransé la jọ ń sọ. Tèmi kò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó sì máa ń rọra sọ tirẹ̀ kí n lè gbọ́.

"Le Vieux," ó ní, bí wọ́n ti ń pe àgbàlagbà níbẹ̀, "ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ojú ewé yìí sọ̀rọ̀ kànga, ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà Sakassou, ó sọ̀rọ̀ ìrun òkú. Nígbà yẹn, àwọn ẹbí ṣì rò pé Sọ̀fíyù rin ìrìn-àjò ni. Ọmọ yìí ló ni ìkànnì. Ta ló tún kù?"

"Jẹ́ kí n bi í."

Wọ́n mú Malick wọlé. Wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Tonton," ó ní, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń pe ẹni tó tó bàbá wọn, "mo fi Ọlọ́run búra, mi ò kọ ọ́."

"Má búra. Ta ló kọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ ló ṣe é fúnra ẹ̀."

N'Goran fọwọ́ lu tábìlì. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Láti àná ló ti ń sọ ọ́ fún mi pé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wo ló lọ yọjú wo kànga?"

"Jẹ́ kó sọ ọ́ tán," mo wí. "Malick, fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ẹ."

Ojúde Anago ni ìkànnì náà ń jẹ́. Anago ni àwọn ará ibí ń pe àwa Yorùbá. Ìkéde ni àwọn ènìyàn wa ń gbé síbẹ̀: ìsọmọlórúkọ, jánásà, yàrá tó ṣófo, ọjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Àpótí kan wà lókè tí èèyàn ń tẹ ohun tó ń wá sí," Malick wí. "Ẹ̀rọ á ṣa gbogbo ìkéde tó bá jọ ọ́. Bí wọ́n bá wá wá ọ̀rọ̀ kan náà léraléra, ẹ̀rọ á gbà pé àwọn èèyàn nílò ẹ̀. Á kó àbájáde ẹ̀ jọ, á sọ ọ́ di ojú ewé tó dá dúró, á fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ gan-an ṣe àkọlé ẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ kàn án. Ojú ewé yẹn ò sì ní yí padà mọ́. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà."

"Kí ló dé tí o fi ṣe é bẹ́ẹ̀?"

"Kó lè yá ni, Tonton. Nẹ́tíwọọ̀kì ibí ò dáa. Ojú ewé tó ti wà nílẹ̀ kì í pẹ́ ṣí. Àwọn tó wà nílé ní Nàìjíríà náà á sì tètè rí i. Kí ni mo fẹ́ mọ̀ nípa puits? Mi ò mọ ibi tí puits yẹn wà rárá. Ẹni tó bá ń wá puits ló lọ tẹ̀ ẹ́."

Mo yíjú sí N'Goran, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Dán an wò."

Ó wò mí bí ẹni pé mò ń ṣeré. Ó wá ṣí ìkànnì náà lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ "N'Goran foutou" sínú àpótí náà, orúkọ ara rẹ̀ àti ti iyán ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Kò sí ìkéde kankan fún un àfi ti obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá títí ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ebi ń pa yín ni?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ewé tuntun hàn níwájú ìkànnì náà. "N'Goran foutou" ni wọ́n kọ gàdàgbà sókè rẹ̀, obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. N'Goran rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù náà sílẹ̀, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ̀rọ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ foutou yìí. Ẹnì kan ló tẹ ti kànga náà. Ta ló wí pé kì í ṣe ọmọ yìí?"

"Malick, ṣé ò ń tọ́jú orúkọ ẹni tó ń wá nǹkan?"

"Rárá, Tonton. Ọ̀rọ̀ nìkan ni."

Ó tẹrí ba bó ti wí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò ràn án lọ́wọ́.

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wá obìnrin kan tó ń jẹ́ Eyínafẹ́," N'Goran wí. "Wọ́n ti ń béèrè ẹ̀ kiri gbogbo Commerce láti àná. Bóyá àlè ẹni tó kú ni."

"Ẹni tí eyín rẹ̀ wuni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọkùnrin."

N'Goran fọwọ́ kan eyín ara rẹ̀. "Eyín òkú yẹn dára," ó wí. "Mo rí i." Ó dìde. "Títí di àárọ̀ ọ̀la, Le Vieux. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

*

Ìkéde díẹ̀ ló wà lórí ojú ewé náà. Ti jánásà bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò Dougouba wà níbẹ̀. Ti ẹnì kan tó ń jẹ́ Aboubacar náà wà níbẹ̀: ó ń gbẹ́ kànga, ó ń tún kànga ṣe, ọ̀nà Sakassou ni kí wọ́n ti béèrè rẹ̀. Mo wá ìkéde Aboubacar lórí ìkànnì náà fúnra rẹ̀, n kò rí i. Ó ti yọ ọ́ kúrò. Ojú ewé tí kì í yí padà yẹn nìkan ló ṣì ń fi í hàn.

Agbẹ́kànga tó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lójú ayé nígbà tí òkú wà nínú kànga: mo gbà pé ọ̀ràn náà ti ń tú. Mo wọ takisí lọ síbẹ̀.

Mo bá Aboubacar lábẹ́ igi máńgòrò, láàárín àwọn òrùka sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń tẹ́ ògiri kànga. Orí ẹní ló wà. Ọmọ Dioula ni, èdè wọn sì ni gbogbo wa fi ń nájà ní ìlú yìí.

"Anago," ó ní, "ṣé kànga lẹ̀ ń wá, àbí ẹ̀wọ̀n lẹ̀ ń wá fún mi?"

"Kí ló dé tí o fi yọ ìkéde rẹ?"

Ó ṣí aṣọ tó fi bo ẹsẹ̀. Wọ́n ti fi igi àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ ọ̀tún láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Kànga ló gbé mi jù. Ìyàwó mi ló ń gbé mi lọ sílé ìgbẹ́. Ta ni mo fẹ́ lọ gbẹ́ kànga fún? Mo bẹ Malick pé kó yọ ọ́, kí wọ́n yéé pè mí. Ọmọ yẹn jáfara kó tó yọ ọ́. Kí Sọ̀fíyù tó sọnù rárá ni ẹsẹ̀ yìí ti dá. Ẹ bi ẹni tó bá wù yín ládùúgbò yìí."

Mo bi wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò lè dá dìde kò lè ti ọkùnrin sínú kànga.

Kí n tó kúrò, mo tún bi í léèrè ohun kan. "Ìwọ lo gbẹ́ kànga tí wọ́n ti rí òkú yẹn?"

"Èmi ni. Fún Sọ̀fíyù àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Ràímì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ra ilẹ̀ yẹn. Mo gbẹ́ ẹ títí, kò lómi. Ràímì ní kí n fi pákó bò ó, koríko sì ti bo pákó. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀."

*

Ọ̀sán ni mo padà délé. Mo jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí. Èyí tó kọjú sí i ṣófo.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ àkọlé yẹn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mú "kànga." Àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú yìí kì í pè é bẹ́ẹ̀. Malick pè é léraléra níwájú mi láàárọ̀, "puits" ló ń wí, bí àwọn Faransé ti ń pè é, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń wí i. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ilé ló ti dàgbà kó tó wá síbí.

Mo mú "jánásà." Ẹni tó pa ènìyàn tó sì fi í pamọ́ kì í wá jánásà rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ni yóò máa dùn mọ́ ọn. Ẹni yìí kò fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ó ń padà wá sídìí àpótí náà léraléra títí ẹ̀rọ fi gbà pé ó ṣe pàtàkì. Ó mọ̀ pé Sọ̀fíyù ti kú, ó mọ ibi tó wà, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń retí kí ẹlòmíràn rí i, kí wọ́n kírun sí i lára. Ẹni yìí kọ́ ló pa á. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó pa á, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ tàbí ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Eyínafẹ́" ni kò yé mi. Ní gbogbo ọjà, Sọ̀fíyù ni wọ́n ń pe Sọ̀fíyù. N kò gbọ́ orúkọ mìíràn rí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Látìgbà tí Hàúwà ti kú, ó máa ń pè mí láti mọ̀ bóyá mo jẹun. A sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ díẹ̀. Bó ti fẹ́ kí mi pé ó dàbọ̀, ó tún sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, ohun kan ń ṣe mí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Agùntáṣọọ́lò mọ́."

Hàúwà ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin gíga tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í dé kókósẹ̀ ló bá nílé wa nígbà tí mo gbé e níyàwó wọlé. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, bí ọmọ náà ti wù kó kéré tó. Ó sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò, orúkọ náà sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìyá mi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní n ó pè é tó bá yá. Mo mú fìlà mi.

*

Ní Dougouba, iwájú ilé Ràímì kún fún àwọn ọkùnrin tó wá kí i. Ràímì jókòó sáàárín wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde fún mi.

"Àlàájì, ẹ ṣeun. Wọ́n ti mú ọmọ burúkú yẹn. Ọlọ́run á dájọ́."

"Ọlọ́run á dájọ́," mo wí. "Jẹ́ kí n lọ kí Ìyá."

Ìyá Sèlíátù, ìyá Ràímì àti Sọ̀fíyù, wà lórí ẹní nínú yàrá àwọn obìnrin. Àwọn ìyàwó Ràímì méjèèjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mọ́nsúrátù, ìyàwó kékeré, ni wọ́n bí sí Bouaké. Àtọ́kẹ́, ìyáálé, ni Ràímì fẹ́ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Sọ̀fíyù ṣì jẹ́ ọmọdé. Mo kí wọn, mo jókòó sórí àpótí.

"Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn ọmọ yìí," mo wí.

Mọ́nsúrátù bú sẹ́kún. "Akọ̀wé mi! Ta ni yóò tún máa sọ fún mi pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀, tí á sì fi àkàrà nu abọ́ mọ́ tónítóní? Akọ̀wé mi!"

Mo yíjú sí ìyáálé rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ìyá Qoreebah, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ dàgbà."

"Ẹ ṣeun, Àlàájì. Ká máa ṣàdúrà fún Sọ̀fíyù ni. Kí Ọlọ́run fi Ọ̀run rere kẹ́ Sọ̀fíyù."

Mọ́nsúrátù gbàgbé ẹkún tó ń sun.

"Ìyáálé wa ti di Faransé lónìí," ó wí jẹ́jẹ́.

Ìyá Sèlíátù gbórí sókè. "Ìyàwó. Ta lo pè?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ìbànújẹ́ ni."

"Látìgbà tó o ti wọlé yìí, o ò pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ tó o sọ ọ́ ńkọ́? Kí ló ṣe ẹ́ tó ò fi fi sunkún ẹ̀?"

N kò jẹ́ kí ìyá àgbà náà bi í lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ní kí Àtọ́kẹ́ fún mi lómi lẹ́yìnkùlé.

*

Ó bu omi náà wá. Mo gbà á, n kò mu ún.

"Ta ni Eyínafẹ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ìyá mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n padà wọlé lọ bi í?"

"Ẹ má bi í. Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í."

"Láti àná ni àwọn ọlọ́pàá ti ń béèrè orúkọ yẹn kiri Commerce. Ẹ̀rù bà yín láti pè é létí ènìyàn, ẹ bá pe èyí tí ẹ kò pè rí láyé yín. Ká ní ẹ sunkún Eyínafẹ́ yín bí Mọ́nsúrátù ti sunkún Akọ̀wé rẹ̀, ǹ bá rò pé ẹ kò mọ nǹkan kan."

Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Eyín iwájú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà tí mo wọlé," ó wí. "Gbogbo èèyàn ló ń wò mí, ojú ń tì mí. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín sí mi."

Mo ní kó máa bá a lọ.

"Mo fẹ́ tẹ orúkọ ẹ̀ gan-an sínú fóònù yẹn. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo ní Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kírun tán ni mò ń wò ó, bóyá wọ́n ti rí i, bóyá wọ́n ti gbé ìkéde jánásà ẹ̀ jáde. Èmi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ń kó ọ̀rọ̀ mi jọ."

"Ta ló sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀?"

Ó wo ògiri. Lódìkejì rẹ̀, a ń gbọ́ ohùn Ràímì tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn: ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á gbà á.

"Ẹni tí ẹ ń gbọ́ ohùn ẹ̀ yẹn ni," ó wí. "Ọkọ mi kékeré fẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ yẹn, kó mú Ìyá padà sílé. Bàbá Qoreebah ní òun ò tà, òun máa kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n lọ wo ilẹ̀ náà. Wọ́n jà. Ó ní òun kàn tì í ni, òun ò rántí pé pákó yẹn ti jẹrà."

"Ó ṣubú, ó sì kú?"

Ó mi orí.

"Ó ní ó ṣì ń pariwo nígbà tí òun kúrò níbẹ̀."

Mo gbé ife omi náà sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ bákan náà.

"Lọ́la ni wọ́n á gbé Malick lọ," mo wí.

"Mo bímọ fún un, Àlàájì."

"Rachida náà bímọ."

*

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ohun tí Àtọ́kẹ́ wí fún N'Goran lórí fóònù. Kí n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti mú Ràímì wá. Ràímì wà nínú yàrá tó tẹ̀ lé èyí tí a wà, ilẹ̀kùn àárín sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bi í ló sẹ́. Ó ní ìbànújẹ́ ti da orí ìyàwó òun rú. Ó ní àìmọye ènìyàn ló mọ̀ pé kànga wà lórí ilẹ̀ òun.

Rachida jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i pé ó mú ṣòkòtò mímọ́ kan wá fún Malick. N kò mọ̀ bóyá èyí tí yóò wọ̀ lọ sílé ni, tàbí èyí tí yóò wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n.

Àtọ́kẹ́ wọlé, ó jókòó síwájú N'Goran. Èmi ni mò ń túmọ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé Sọ̀fíyù wà nínú kànga?"

"Bàbá Qoreebah."

N'Goran dáwọ́ kíkọ dúró. "Ta nìyẹn?"

"Ọkọ mi."

"Orúkọ ẹ̀?"

Ó dákẹ́. N'Goran tún béèrè. Ó dákẹ́.

"Obìnrin wa kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀," mo sọ fún N'Goran. "Kọ ọ́ sílẹ̀, èmi á pè é fún ọ."

Ó mi orí. "Le Vieux, bí ìwọ bá pè é, ọ̀rọ̀ tìẹ nìyẹn. Lọ́yà ọkọ ẹ̀ á ní ìwọ lo fi í sí i lẹ́nu. Ẹnu obìnrin yìí ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí kò bá jáde, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ọmọ tó wà ní àhámọ́ á sì lọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Àtọ́kẹ́, n kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

"Kò sí ọ̀nà mìíràn?"

"Kò sí."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Títí Hàúwà fi kú, Bàbá Azeezah ló pè mí. Mo gbé omi sí i lẹ́nu lórí ibùsùn, Bàbá Azeezah náà ló fi dúpẹ́. Mo mọ ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin yìí. Mo sì béèrè rẹ̀.

"Ìyá Qoreebah. Ẹ pè é."

Ó tún gèlè rẹ̀ dì.

"Ràímì," ó wí.

"Mi ò gbọ́," N'Goran wí. "Kó gbóhùn sókè."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà gbójú sókè, ó mí kanlẹ̀.

"Ràímì!"

Láti yàrá kejì, kó tó ronú ohun tó ń ṣe, ọkùnrin náà dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n pè láti ilé ìdáná.

"Hẹ́n?"

N'Goran kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ Àtọ́kẹ́, ó fi ibi tí yóò tẹ ìka sí hàn án. Lẹ́yìn náà ó mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún Malick.